Ẹja Òkun Tuntun Dé: Ẹ Má Tíì Dà Á Mọ́ Àwọn Ti Ilé

Láti ìgbà tí fíìmù Finding Nemo ti jáde ní 2003 ni ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára ti di ohun tí àwọn ọmọdé ń tọrọ lọ́wọ́ òbí wọn. Finding Dory tún tẹ̀ lé e ní 2016, ni ẹja aláwọ̀ búlúù náà bá kún un. Nínú àwọn ẹbí wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, a rí àwọn tó ti ra táńkì onígíláàsì, tí wọ́n po omi iyọ̀ sínú rẹ̀, tí ẹja òkun sì ń lúwẹ̀ẹ́ ní pálọ̀ wọn. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀ títí omi á fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: ẹja kan ṣoṣo tí a rà lónìí lè pa gbogbo ẹja tí a ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́ta.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Clownfish méjì, cardinal mẹ́ta àti goby kan la ní nígbà náà. Ní Sátidé kan, a lọ ra blue tang, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní Dory. (Ká sọ òótọ́, táńkì wa kò tilẹ̀ tó o: ẹja yẹn lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà bó bá dàgbà.) Ara rẹ̀ ń dán ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń jẹun, kò sí ààmì kankan lára rẹ̀. A gbé ọ̀rá tí wọ́n dì í sí lé orí omi fún ogún ìṣẹ́jú, a sì tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan bu iyọ̀ wọ́n ọn lára. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ààmì náà pòórá, a sì ń dúpẹ́. Kò pẹ́ tó padà, lọ́tẹ̀ yìí sára gbogbo wọn. Nígbà tí oṣù náà fi parí, clownfish kan ló kù. Ẹni tó ta ẹja fún wa kò parọ́ fún wa o. Òun náà kò rí nǹkan kan lára ẹja yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí a ṣe lè ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 12, ká máa gbé e láti inú táńkì kan sí òmíràn títí kòkòrò àrùn ààmì funfun yóò fi tán lára rẹ̀, láìlo oògùn kankan fún kòkòrò náà. Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó gbà ni kíka wákàtí, kéèyàn má sì pẹ́.

Kí ló dé tí ẹja tó ń dán ní ṣọ́ọ̀bù fi ń gbé àrùn wọlé? Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ clownfish tí wọ́n ń tà lóde òní jẹ́ èyí tí wọ́n tọ́ láti inú ẹyin nílé ìsìn ẹja. Blue tang kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkun ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ ní University of Florida tó kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ tọ́ dàgbà láti inú ẹyin. Indonéṣíà àti Fílípíìnì ni ọ̀pọ̀ ẹja òkun tí wọ́n ń tà fún wíwò ti ń wá. Apẹja á mú un, á tà á fún alágbàtà, alágbàtà á tà á fún ẹni tó ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó di inú bàálù, ó di ọ̀dọ̀ alátapọ̀, kó tó wá dé ṣọ́ọ̀bù. Níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó o pọ̀ mọ́ ẹja mìíràn, omi kan náà ló sì sábà máa ń yí gbogbo táńkì ká. Ẹja tó kúrò nínú òkun pẹ̀lú ìlera lè ti bá àìmọye ẹja pín omi kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n máa ń fi oògùn bàbà díẹ̀ sínú omi ẹja wọn, tàbí kí wọ́n dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Èyí lè tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ láìpa á tán. Nígbà tí ẹja bá dé inú omi tiwa tí kò ní oògùn, tí iyọ̀ rẹ̀ sì pé, kòkòrò á gbérí. Ó sì tún lè jẹ́ pé ibi tí ẹja fi ń mí, lábẹ́ ìdérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ni kòkòrò náà fara pamọ́ sí, níbi tí ojú wa kò lè dé.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún kòkòrò náà ní 1951 ni Cryptocaryon irritans. Àwọn tó ń sin ẹja ń pe àrùn rẹ̀ ní ich ti omi iyọ̀. Àrùn kan wà nínú omi tí kò níyọ̀ tó ń jẹ́ ich bákan náà, àmọ́ kòkòrò tiẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ra oògùn ti ọ̀kan fún èkejì. Ohun abẹ̀mí tíntìntín ni, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara rẹ̀.

Àfòmọ́ tó wà lórí igi kòkó kì í sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ló ń gbé. Kòkòrò yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti rí i mú. Bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyí. Yóò kọ́kọ́ wọ abẹ́ awọ ẹja, yóò máa jẹun níbẹ̀ fún bí ọjọ́ 3 sí 7. Àsìkò yìí ló máa ń tóbi débi tí a ó fi rí i bíi hóró iyọ̀. Bó bá yó tán, yóò já bọ́ kúrò lára ẹja, òru ló sì sábà máa ń já bọ́. Ìyẹn ni ààmì fi pòórá lára Dory wa tí a fi ń dúpẹ́. Àrùn náà kò lọ, ilẹ̀ ló sọ̀ sí. Yóò wọ́ kiri lórí ilẹ̀ táńkì fún wákàtí díẹ̀, yóò wá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, òkúta, yanrìn tàbí ìkarahun ìgbín, yóò sì kọ́ èèpo líle bo ara rẹ̀. Nínú èèpo yẹn, kòkòrò kan á pín di ọ̀pọ̀, ó lè tó 200. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tú jáde láti wá ẹja. Bí wọn kò bá rí ẹja láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, wọn á kú.

Oògùn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa nígbà tó wà lábẹ́ awọ. Oògùn kò sì ràn án nígbà tó wà nínú èèpo. Ṣùgbọ́n dandan ni kó sọ̀ kalẹ̀, bó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, kì í sábà tú jáde kí ọjọ́ 3 tó pé. Ọ̀pọ̀ wọn ń tú jáde láàárín ọjọ́ 3 sí 28.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Angelo Colorni, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹja ìsìn ní Eilat létí Òkun Pupa, ló rí ohun tí a lè fi èyí ṣe. Ní 1987, ó gbé ìwádìí jáde pé bí a bá gbé ẹja láti táńkì kan sí òmíràn tó mọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kòkòrò náà á tán lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Èyí tó bá já bọ́ nínú táńkì àkọ́kọ́, ibẹ̀ la fi í sílẹ̀ sí kó tó tú jáde. Èyí tó bá kù lára ẹja yóò já bọ́ nínú ìkejì tàbí ìkẹta, a ó sì tún fi òun náà sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí tuntun tó ń gun ẹja mọ́. Nígbà tí ọjọ́ 12 bá fi pé, gbogbo èyí tó bá ẹja wá láti ṣọ́ọ̀bù ti sọ̀ kalẹ̀ tán.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Táńkì kékeré méjì tó ń gba bíi lítà 40 tó fún ẹja kékeré. Àpótí oníke tí a fi ń kó aṣọ pamọ́ náà á ṣe é, bí ọṣẹ kò bá tíì kàn án rí. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ amómigbóná tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, tẹmómítà, àti páìpù oníke gígé bíi méjì tí ẹja á máa sá sí. Ẹ má fi yanrìn sí i, ẹ má fi òkúta sí i, ẹ má sì gbé asẹ́ omi láti inú táńkì ńlá wá síbẹ̀. Ohunkóhun tí a kò bá lè fọ̀ kó sì gbẹ táútáú kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ dé e lórí, nítorí ẹja tó bẹ̀rù máa ń fò, pàápàá goby àti wrasse. Ẹ gbé wọn jìnnà sí táńkì ńlá, ó kéré tán mítà 3, torí pé atẹ́gùn tó ń hó nínú omi máa ń ta ẹ̀kán omi káàkiri, ẹ̀kán omi sì lè gbé àrùn.

Iyọ̀ tí a ń sọ kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹja òkun ni, èyí tó ní kálísíọ́mù, magnésíọ́mù àti àwọn èròjà mìíràn tó wà nínú òkun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ó kún táńkì, ìyẹn lítà 160. Bíi kílò 6 iyọ̀ ni yóò gbà. Ẹ rà á sílẹ̀ kí ẹja tó dé. Ẹni tí iyọ̀ bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ keje ti pàdánù iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ká ní Mọ́ńdè ni ẹja dé. A ó gbé e sínú táńkì àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ yẹn. Ní Tọ́sìdè, ó di inú ìkejì. Ní Sọ́ńdè, ó padà sínú àkọ́kọ́, tí a ti fọ̀, tó sì ti gbẹ. Ní Wẹ́sìdè, ó padà sínú ìkejì. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá nìyẹn, ó jáde. Wákàtí 72 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bó bá dín díẹ̀, kò burú. Bó bá lé, ó burú. Òwúrọ̀ ló dára jù láti gbé e. Àwa a máa ṣe é lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kí ariwo ilé tó bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í gbàgbé. Nítorí pé òru ni kòkòrò ń já bọ́ jù, ẹja tó wọ táńkì ní òwúrọ̀ ń fún wa ní ààyè díẹ̀ sí i kí wákàtí rẹ̀ tó pé. A ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí: a lọ síbi yìgì kan ní ìlú mìíràn, ọkọ̀ kò tètè gbé wa padà, wákàtí 80 ti kọjá kí a tó délé. A bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kìíní padà ni. Ó dùn wá, àmọ́ kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá àwọn kan ti tú jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ kún táńkì kejì, ẹ tan ẹ̀rọ amómigbóná rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ wọn omi méjèèjì: ìgbóná wọn gbọ́dọ̀ bára mu, iyọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Àwa ń lo ìgbóná 25 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti iyọ̀ 1.025. Bí wọ́n bá bára mu, kò sí ìdí láti máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi asẹ́ oníke tàbí abọ́ oníhò gbé ẹja náà, ẹ jẹ́ kí omi ro kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ gbé e sínú èkejì. Omi àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ bá a lọ, bó ti wù kó kéré tó. Bó bá jẹ́ irú tang ni, ẹ má fi àwọ̀n mú un. Ó ní ohun kan tó mú bí abẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì máa ń há sínú àwọ̀n. Ìgbà tí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹja á ti fara pa, ọwọ́ yín náà lè ya.

Lẹ́yìn náà, ẹ da omi táńkì àkọ́kọ́ nù sínú ihò omi ìdọ̀tí. Ẹ fọ táńkì, páìpù, ẹ̀rọ, asẹ́, gbogbo rẹ̀. Ẹ lè fi omi bílíìṣì díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣan án dáadáa. Gbígbẹ ló ṣe pàtàkì jù. Èèpo kòkòrò yẹn kì í yè bó bá gbẹ. Ẹ sá a fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí ẹ wo abẹ́ páìpù àti inú rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn, níbi tí omi máa ń sá pamọ́ sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà kì í ṣe lọ́dọ̀ kòkòrò rárá. Amóníà ni. Ẹja ń tú amóníà jáde bó ṣe ń mí. Nínú táńkì ńlá, kòkòrò rere tó ń gbé lára òkúta àti yanrìn ló ń jẹ ẹ́. Nínú omi tuntun yìí, kò sí wọn, a kò sì lè kó wọn wá. Amóníà á wá máa ga láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹta, omi òkun sì máa ń jẹ́ kó lóró ju bó ṣe lóró nínú omi lásán lọ. Ẹ fún ẹja ní oúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì fa èyí tó bá ṣẹ́ kù jáde. Ẹ ra káàdì kékeré tó ń yí àwọ̀ padà bí amóníà bá ga, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú táńkì. Oògùn omi wà tó ń dè é mọ́lẹ̀, bíi Prime, àmọ́ ẹ má ṣe lò ó pọ̀ mọ́ oògùn bàbà láé. Ẹ má sì kó ẹja mẹ́fà sínú lítà 40 nítorí pé ẹ fẹ́ parí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹja kékeré kan tàbí méjì tó.

A gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára ọ̀nà yìí mọ. Ich nìkan ló ń mú kúrò. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní velvet, Amyloodinium ni kòkòrò tó fà á. Ó máa ń dà bí eruku lára ẹja, ẹja á máa mí helehele, á máa sá fún ìmọ́lẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ kòkòrò yìí lè tú jáde kí wákàtí 72 tó pé, nítorí náà gbígbé kiri kò ràn án. Oògùn bàbà ni wọ́n máa ń lò fún un, nínú táńkì tí kò sí iyùn tàbí ìgbín nínú rẹ̀. Brooklynella tún wà, òun ló máa ń bá clownfish jà jù, tí ara wọn á máa ṣí. Ti aràn pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja, ọ̀pọ̀ ń lo praziquantel nínú táńkì ọjọ́ kẹrin àti ti ọjọ́ kẹwàá. Oògùn yẹn lè dín atẹ́gùn inú omi kù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa ṣiṣẹ́ gan-an. Nítorí gbogbo èyí, ní ọjọ́ kẹtàlá, àwa kì í da ẹja sínú táńkì ńlá tààrà. Táńkì kẹta wà tó ti ní kòkòrò rere nínú asẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, tí a ó máa wò ó bó ṣe ń mí àti bó ṣe ń jẹun.

Àwọn kan á bi wá pé kí ló dé tí a kò fi oògùn bàbà ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o, bí a bá ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Àmọ́ ààlà tó wà láàárín èyí tó ń pa kòkòrò àti èyí tó ń pa ẹja kò fẹ̀, àwọn ẹja kan kì í sì í fara dà á, bíi wrasse kan àti ẹja mandarin tí kò ní ìpẹ́. Fún irú wọn, gbígbé kiri rọrùn jù.

Ìgbín, akàn àti iyùn kì í kó ich, ṣùgbọ́n èèpo kòkòrò lè lẹ̀ mọ́ ìkarahun tàbí òkúta tí wọ́n jókòó lé. Wọn kò ṣeé gbẹ. Ibi tí kò sí ẹja kankan ni a ó fi wọ́n sí kí a tó dà wọ́n pọ̀, fún ọjọ́ 76. Iye ọjọ́ yìí kan náà ni táńkì ńlá tí àrùn ti wọ̀ nílò láìsí ẹja nínú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí Colorni àti Peter Burgess gbé jáde ní 1997, èèpo tó pẹ́ jù kó tó tú jáde lo ọjọ́ 72. Àwọn tó ń sin ẹja fi díẹ̀ lé e.

Ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn. Clownfish tó kù, a gbé e kiri ọjọ́ 12 rẹ̀, ó parí rẹ̀ láìsí ààmì, a sì fi í sí táńkì kékeré nínú yàrá. Pálọ̀ wá ṣófo, iyùn àti ìgbín nìkan ló wà nínú gíláàsì ńlá yẹn, àlejò á sì máa bi wá pé ẹja dà. Àwọn ọmọ lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fàlà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́rin ni a dá a padà.